“Ọjọ́ Kan Péré Ni Mo Pa Jẹ, Dókítà”

Gbólóhùn kan wà tó máa ń mú kí orí mi gbóná: “Ọjọ́ kan péré ni mo pa jẹ, Dókítà.” Ẹni tó yẹ kó máa wá gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ló ń sọ ọ́, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Òmíràn kò tilẹ̀ ní sọ nǹkan kan. Á pòórá lọ́jọ́ Ẹtì, á yọjú lọ́jọ́rú, á sì jókòó sáàárín àwọn tó ń dúró bí ẹni tí kò lọ síbì kankan. Bí a bá bi í, àlejò ló dé, tàbí ara ló rẹ̀ ẹ́, tàbí ẹnìkan ló lálàá pé kí ó sinmi díẹ̀.

Jẹjẹrẹ orí, ọrùn àti ẹ̀dọ̀fóró ni mò ń fi ìtànṣán tọ́jú. Bí ìtànṣán ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní gbà wá lásìkò: ó ń wọ inú ara, ó ń já okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn okùn tó gbé ìlànà iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì tí kò bá rí okùn rẹ̀ so padà á kú nígbà tó bá fẹ́ pín sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì tó dára mọ ara rẹ̀ tún ṣe ju ti jẹjẹrẹ lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń fún yín ní díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ kò ní mọ ìrora kankan lára nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Bí a bá sì ti pa á, kò sí ìtànṣán tó ń bá yín lọ sílé, nítorí náà ẹ gbé ọmọ-ọmọ yín, ẹ dì mọ́ ẹni tó bá wù yín, kí ẹ sì yéé fi ìyẹn ṣe ìdí tí ẹ kò fi wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó gbọ́ ni ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà. Gray la fi ń wọn ìtànṣán. Fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, 70 Gray la sábà ń fún ènìyàn: 2 Gray lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje, ìgbà 35 lápapọ̀. Fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti tàn dé àárín àyà, 60 Gray ni, ní ìgbà 30. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí iye ìgbà bá ti pé, ó ti parí, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ méje ló gbà tàbí mẹ́wàá. Irọ́ ńlá ni.

Bí ìtànṣán bá ti ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn tó ṣẹ́kù kì í jókòó kalẹ̀ de ikú. Àyè ti ṣí sílẹ̀ fún wọn. Oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí èrò rẹpẹtẹ ń pín tẹ́lẹ̀ ti di ti àwọn díẹ̀. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i ní kánmọ́kánmọ́, ju bí wọ́n ṣe ń bí kí a tó fọwọ́ kàn wọ́n, bí igbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sán tí òjò rọ̀ sí. Ní 1988, onímọ̀ ìtànṣán kan tó ń jẹ́ Withers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun jọ, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, nǹkan bí 0.6 Gray lóòjọ́ ló ń lọ sórí kíkápá àwọn tó ń bí sí i nìkan.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 2 Gray lẹ ń gbà lóòjọ́. 0.6 ti bá àwọn tuntun lọ, 1.4 ló kù láti dín àwọn tó wà nílẹ̀ kù. Bí ẹ bá wá pa ọjọ́ márùn-ún jẹ, 3 Gray ti ṣòfò, ìyẹn iṣẹ́ ọjọ́ kan àti ààbọ̀ tí ẹ ti fara dà, tí ẹ ti jìyà rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ibi tí ẹ ti dúró kọ́ lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ìtọ́jú bá fi gùn sí i ń bu nǹkan bí ìdá 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú 100 kúrò nínú ìrètí pé kókó ọrùn náà kò ní padà wá.

Èyí tó sì ń dùn mí jù nìyí: ọ̀sẹ̀ kìíní, tí ara ṣì le, ẹ kì í pa ọjọ́ kankan jẹ nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkeje ni àwíjàre máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀fun ti bó, tí itọ́ ti gbẹ, tí gbígbé omi mì di ogun. Ìgbà yẹn gẹ́lẹ́ ni jẹjẹrẹ ń sáré bí sí i jù.

Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lórí ìwé. Wọ́n mú àwọn tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, wọ́n fún àwọn kan ní ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ìwọ̀n ìtànṣán kò yí padà, iye ìgbà kò yí padà. Ó kàn yá parí pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan ni. Nígbà tí èsì jáde ní 2003, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, a ti kápá jẹjẹrẹ náà lára 70 nínú 100 àwọn ẹlẹ́ẹ̀mẹfà. Ti àwọn ẹlẹ́ẹ̀márùn-ún jẹ́ 60. Àwọn kan sọ pé ilẹ̀ olówó nìkan ni ìyẹn ti lè ṣeé ṣe, ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì bá tún un dán wò lára 900 ènìyàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ohun èlò kò pọ̀. Èsì jáde ní 2010: a kápá jẹjẹrẹ lára 42 nínú 100 àwọn ẹlẹ́ẹ̀mẹfà, 30 nínú 100 àwọn ẹlẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọjọ́ kan tí a fi kún ọ̀sẹ̀ ló ṣe gbogbo èyí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe oògùn tuntun.

Ti ẹ̀dọ̀fóró tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Bìrìtìkó, àwọn kan gba ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ 12 gbáko, Sátidé àti Sọ́ńdè kò yọ sílẹ̀: 54 Gray ní ìgbà 36. Àwọn ẹgbẹ́ wọn gba 60 Gray ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí a ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn. Gẹ́gẹ́ bí èsì tó jáde ní 1997, lẹ́yìn ọdún méjì, 29 nínú 100 ló ṣì wà láàyè nínú àwọn ọlọ́jọ́ 12, 20 péré nínú àwọn tó kù. Àwọn tí ìtànṣán wọn kéré ló yè jù, nítorí pé ó tètè tán. Ẹni tó bá ń sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti pọ̀ jù, àwọn ènìyàn yìí ni mo máa ń rán an létí.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gba òdìkejì ọ̀nà, àwọn tó ń sọ pé “Dókítà, ẹ kúkú fi kún ìtànṣán kí jẹjẹrẹ náà tètè kú.” A ti gbìyànjú ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi 74 Gray wé 60 fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí a ń fi kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tì lẹ́yìn. Ìdajì àwọn tó gba 60 gbé ju oṣù 28 lọ. Ti àwọn tó gba 74 kò ju bí oṣù 20 lọ. Ọkàn wà lẹ́bàá ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà oúnjẹ wà níbẹ̀, wọn kì í ṣe òkúta. Bí aládùúgbò yín bá sì sọ pé ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n fi parí tòun, òótọ́ ló lè máa sọ: kókó kékeré nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì tàn, a lè fi 54 Gray bá a jà ní ìgbà mẹ́ta, nítorí pé a lè fi ojú abẹ́rẹ́ gbá a mú. Ẹ má fi tirẹ̀ wé tiyín.

Mo wá fẹ́ bá àwọn tó ń ta oògùn gbogboǹṣe sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í kàwé bí irú èyí. Wọ́n ń ta òróró, wọ́n ń ta ìyẹ̀fun, wọ́n ń pè é ní afọ-májèlé. Wọ́n ní yóò fọ ìtànṣán kúrò lára. Ìtànṣán wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò sí èyí tó kù lára. Tàbí kí wọ́n kó fítámì rẹpẹtẹ fún yín pé kí ara lè gbà á. Ní Kánádà, wọ́n dán fítámì E tó pọ̀ wò lára 540 ènìyàn tó ń gba ìtànṣán fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú beta-carotene mọ́ ọn, ìyẹn èròjà inú kárọ́ọ̀tì, ìyà tí ìtànṣán ń fi jẹ ara lásìkò ìtọ́jú dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka àwọn tó kú, wọ́n pọ̀ jù níhà àwọn tó lo fítámì. Ohun tó gba sẹ́ẹ̀lì ọ̀fun yín lọ́wọ́ ìtànṣán lè gba ti jẹjẹrẹ náà. Ẹni tó ń tà á fún yín kò kà ìyẹn, kò sì ní wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá padà wá.

Bàbá kan wà tí jẹjẹrẹ wà ní gògóńgò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há nígbà tó dé, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin kọjá díẹ̀, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í là. Inú gbogbo wa dùn, mo sì rò pé mo ti sọ fún un tó pé ohùn tó là kì í ṣe jẹjẹrẹ tó tán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. A pè, a pè, kò gbé e. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀, pé òróró ló kù. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn bí oṣù méjì, ohùn ti tún lọ, kókó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, èyí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí a bá òun parí èyí tó kù. Kò sí èyí tó kù, nítorí pé ibi tí ìtànṣán ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, a kò lè dà á sí i tuntun bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Iṣẹ́ abẹ ló kàn, gbogbo gògóńgò ni wọ́n sì yọ. Ihò tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló fi ń mí. Ìyàwó rẹ̀ bi mí pé bó bá ti parí ìtọ́jú nígbà yẹn ńkọ́? Mo fún un lésì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Sìgá: ẹ fi sílẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Èéfín sìgá ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ìtànṣán sì nílò ọ́síjìn kí egbò tó dá sí DNA má baà jinná. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1993, kókó pòórá pátápátá lára 45 nínú 100 àwọn tó ń mu ún nìṣó lákòókò ìtọ́jú. Ti àwọn tí kò mu ún jẹ́ 74. Ẹ tọ dókítà eyín lọ pẹ̀lú, kí ó yọ èyí tó bá ti bàjẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́yìn náà, eegun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti kọjá lè kú.

Bí ọjọ́ kan bá wá fò lóòótọ́, bóyá ẹ̀rọ bàjẹ́ tàbí ibà dé, a ní ọ̀nà. A lè fún yín ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, wákàtí mẹ́fà ó kéré tán láàárín, tàbí kí ẹ wá ní Sátidé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la ti ń dí i. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ dé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kò sí bí mo ṣe fẹ́ tò ó tí ọ̀fun yín á fi gbà á. Bó bá sì jẹ́ ìrora ló ń dá yín dúró sílé, oògùn ìrora wà tó le ju èyí tí ẹ ń lò lọ, rọ́bà tó ń gba imú lọ sínú ikùn wà fún oúnjẹ. Ẹ pe nọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sọ fún un pé ẹ kò lè gbé nǹkan mì, kí ẹ sì wá gba ti ọjọ́ náà.