Base64 kì í ṣe àgádágodo

Ẹni tó bá ṣí fáìlì Secret (ibi tí wọ́n ń kó àṣírí sí) ti Kubernetes, ètò tó ń darí àwọn áàpù lórí ọ̀pọ̀ sáfà, tó rí YWRtaW4= níbi tó yẹ kí páswọ́ọ̀dù wà, lè rò pé wọ́n ti tì í pa. Wọn ò tì í. Base64 ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn ọ̀nà fífi àmì mìíràn kọ ohun kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ àṣẹ base64 -d, tó ń tú u, tó sì kó o fún un, "admin" ló máa bá níbẹ̀. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ ni base64.

Ẹ wo "Ife". Lẹ́tà mẹ́ta yẹn jẹ́ byte mẹ́ta, ìyẹn bit 24 (bit ni 0 tàbí 1, mẹ́jọ rẹ̀ ló ń di byte kan). Base64 á gé bit 24 náà ní mẹ́fà-mẹ́fà sí ọ̀nà mẹ́rin, á wá fi àmì kan dípò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì 64 ló ní: A dé Z, a dé z, 0 dé 9, + àti /. Bí "Ife" ṣe ń di SWZl nìyẹn. Bí byte ò bá pé mẹ́ta-mẹ́ta, á fi = dí àyè tó ṣófo lẹ́yìn. Kubernetes ń lò ó kí ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkà lè gba inú YAML àti JSON, irú fáìlì ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ ètò, kọjá láìbàjẹ́.

Ibi tó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni echo, àṣẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde. Tẹ echo admin | base64, YWRtaW4K ló máa jáde. K yẹn ni ìlà tuntun tí echo fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀, tí ojú ò rí. Dátábéèsì ò ní gba páswọ́ọ̀dù náà, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá tú u wò, "admin" náà ni wọ́n máa rí. echo -n, tí kì í fi ìlà tuntun sí i, ló ń gbani.

Ohun tó ń tì í gan-an ni irú àṣẹ ansible-vault encrypt, ti Ansible, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣètò sáfà. Á gba páswọ́ọ̀dù, á pò ó mọ́ byte 32 tó ṣà ní ìṣàkúṣà, ibẹ̀ ló ti ń rọ kọ́kọ́rọ́ AES256, ọ̀nà tó fi ń ti fáìlì pa. Ìlà àkọ́kọ́ fáìlì náà á di $ANSIBLE_VAULT;1.1;AES256. Tí o bá ti fáìlì kan náà pa lẹ́ẹ̀mejì, ìrísí rẹ̀ ò ní bára mu. Páswọ́ọ̀dù tí kì í ṣe tirẹ̀ ò lè ṣí i, ẹni tó bá sì gbàgbé tirẹ̀ ti pàdánù fáìlì yẹn.

Irú èyí lè wọ Git, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù àti ìtàn àyípadà rẹ̀ sí. Ti base64 tó bá ti wọ ibẹ̀, pípa fáìlì rẹ́ ò tó, nítorí ó ṣì wà nínú ìtàn Git. Páswọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an.