Ta ló ń sanwó ìdádúró ẹjọ́? Ọ̀nà tí owó àtúnṣe ètò ìdájọ́ ń gbà l'Ékìtì

Fáìlì kan wà tí ẹni tí wọ́n mú fún ẹ̀sùn ńlá l'Ékìtì kì í fojú kàn, bẹ́ẹ̀ ìrìn fáìlì yẹn ló máa sọ bó ṣe máa pẹ́ tó ní gbaga. Ká ní ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan ní Ìkọ̀lé ni ọlọ́pàá mú, tí wọ́n ní ó wà lára àwọn tó digunjalè. Wọ́n á gbé e dé iwájú májísíréètì, ṣùgbọ́n májísíréètì ò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìdigunjalè, ilé ẹjọ́ gíga ló ni ín. Ohun tó máa ṣe ni pé á ní kí wọ́n lọ fi ọmọ náà pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n l'Ádó, kí ọlọ́pàá sì fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀, kí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn náà kì í ju ojú ewé mélòó kan lọ: yálà ẹ̀rí tó, ẹ jẹ́ ká pè é lẹ́jọ́, tàbí ẹ̀rí ò tó, ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé. Wọ́n á dá ọjọ́ míì. Ọjọ́ náà á pé, ọlọ́pàá tó ń pẹjọ́ á dìde, á ní ìmọ̀ràn ò tíì dé. Wọ́n á tún sún ẹjọ́ síwájú.

Ìkà ènìyàn kọ́ ló máa ń wà nídìí ìdádúró yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó lè jẹ́ pé owó tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀dà ìwé ni kò sí ní àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí kí epo má sí nínú ọkọ̀ tó yẹ kó gbé fáìlì lọ sí Adó. Ó sì lè ti dé Adó, kó wà lábẹ́ òkìtì fáìlì níwájú agbẹjọ́rò kan tó ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan tí kò sí yìí ló ní àpò tó yẹ kó ti jáde, àpò náà kì í sì í ṣe ọ̀kan.

Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá, Abùjá ni owó oṣù wọn ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gómìnà kì í yé bá wọn ra ọkọ̀. Adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ń gba owó oṣù tirẹ̀ láti inú àpò ìjọba àpapọ̀, bí òfin orílẹ̀-èdè ṣe là á sílẹ̀, àmọ́ gbọ̀ngán tó ń jókòó sí, akọ̀wé kóòtù àti jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn kóòtù, ti ìpínlẹ̀ ni. Ti ìpínlẹ̀ ni májísíréètì, ti ìpínlẹ̀ ni agbẹjọ́rò tó ń pẹjọ́ fún ìjọba àti èyí tí ìjọba yàn láti gbèjà aláìní. Tó bá wá kan ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́dà ni o, oúnjẹ ni o, oògùn ni o, ìjọba àpapọ̀ ló ń gbé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí ọmọ Ìkọ̀lé yẹn bá lo ọdún mẹ́ta l'Ádó láìgbẹ́jọ́, Abùjá ló ń bọ́ ọ. Àpò Èkìtì ò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí ìpínlẹ̀ bá sì gba agbẹjọ́rò mẹ́wàá sí i kí ẹjọ́ lè yá, àpò ìpínlẹ̀ ló máa san owó oṣù wọn, Abùjá ló máa jẹ èrè oúnjẹ tí kò sè mọ́. Ẹni tó lè mú kí ẹjọ́ yá kọ́ ló ń sanwó ìdádúró, ẹni tó ń sanwó ìdádúró ò sì ní agbára láti mú un yá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèǹgbè, nǹkan tó sì wà láàárín àwọn méjèèjì ni ènìyàn tó jókòó sẹ́yìn gbaga, tí òfin orílẹ̀-èdè ṣì kà sí aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Káàkiri Nàìjíríà, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ni wọn ò tíì dá lẹ́jọ́.

Kì í ṣe pé Èkìtì fi ọ̀rọ̀ òfin falẹ̀. Ní 2014 ni ìpínlẹ̀ náà ti ṣe òfin tuntun lórí bí ẹjọ́ ọ̀daràn ṣe gbọ́dọ̀ máa lọ, ọdún kan kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe tirẹ̀ ní 2015. Èkó ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 2007. Òfin bẹ́ẹ̀ ń kọ́? Ọjọ́ kan ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin máa fi fọwọ́ sí i, ọjọ́ kan ni gómìnà máa fi buwọ́ lù ú. Owó rẹ̀ ló máa ń jẹ ọdún.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ fídíò nìkan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 sọ̀rọ̀ nípa kíká ìjẹ́wọ́ afurasí sórí fídíò, kí ó má baà di pé ẹni náà dé kóòtù, ó ní wọ́n lu òun kí òun tó fọwọ́ sí ìwé. Tí irú awuyewuye yẹn bá ṣẹlẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ gidi dúró ná, kó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ míì nínú ẹjọ́, kó fi mọ̀ bóyá tìfẹ́tìfẹ́ ni ènìyàn náà fi jẹ́wọ́. Oṣù á máa gorí oṣù. Àmọ́ láti ká fídíò ní àgọ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo, yàrá tí ariwo ò wọ̀ gbọ́dọ̀ wà, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà, àti iná. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí ibi tí wọ́n máa tọ́jú fídíò náà sí títí ẹjọ́ á fi dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, kí wọ́n ní ọlọ́pàá tó mọ̀ ọ́n lò, kí wọ́n sì ní òmíràn tó máa rọ́pò rẹ̀ bí wọ́n bá gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Kámẹ́rà yẹn á sì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Iye tí wọ́n máa fi rà á nìkan ló sábà máa ń wà nínú ìṣúná ọdún àkọ́kọ́.

Kálámù adájọ́ náà ń kọ́? Ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa, ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ. Agbẹjọ́rò á béèrè, ẹlẹ́rìí á dáhùn, gbogbo kóòtù á wá dákẹ́ lọ gbári, fáànù nìkan la ó máa gbọ́, títí kálámù á fi bá ọ̀rọ̀ náà. Òfin 2015 yẹn ní kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́, tí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sún un ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, kí ọjọ́ iṣẹ́ tó wà láàárín má sì kọjá 14. Ìwé lè sọ bẹ́ẹ̀. Kálámù ló ń sọ bí ẹjọ́ ṣe ń yá sí.

Ètò owó wá ni ká wò. Lọ́dọọdún, iléeṣẹ́ ìṣúná ìpínlẹ̀ á kọ̀wé sí gbogbo iléeṣẹ́ pé kí wọ́n mú àbá wọn wá. Ẹ̀ka ìdájọ́ á kọ tirẹ̀, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ á kọ tirẹ̀, olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ gómìnà á yẹ̀ ẹ́ wò, ó di ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin, gómìnà á buwọ́ lù ú. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí: iye tí wọ́n fọwọ́ sí kì í ṣe owó tó dé ọwọ́. Owó ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí èyí tí wọ́n ń pín l'Abùjá lóṣooṣù bá ṣe rí, owó oṣù òṣìṣẹ́ ló sì ń kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Tí nǹkan bá le, ohun tí kò ní pariwo ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, fáìlì ò sì ní ẹnu.

Ìdí nìyí tí ìṣúná ọlọ́dún kan ò fi lè gbé àtúnṣe yìí. Ètò ìnáwó ọlọ́dún mẹ́ta wà tí ìpínlẹ̀ ń ṣe, Èkìtì sì tún ní ètò ìdàgbàsókè tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 tó máa dé 2050. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti jọ jókòó ro owó àtúnṣe: kóòtù, agbẹjọ́rò ìjọba, agbẹjọ́rò aláìní, àti ohun tí ìpínlẹ̀ ń ṣe fún ọlọ́pàá, lórí tábìlì kan náà. Tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka kan á sáré ju èkejì lọ. Láti 2020 ni Àmọ̀tẹ́kùn ti wà lábẹ́ òfin l'Ékìtì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń mú ènìyàn bá pọ̀ sí i, tí àwọn tó ń ka fáìlì ò pọ̀ sí i, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni gbogbo rẹ̀ máa dà sí. Bákan náà ni ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀. Èkìtì ní òfin tó tako ìwà ipá sí obìnrin láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Dókítà lè yẹ ọmọ tí wọ́n fipá bá lò wò lónìí, kó kọ èsì rẹ̀ dáadáa. Bí ẹjọ́ bá di lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, dókítà náà lè ti kúrò ní ìpínlẹ̀. Owó ọkọ̀ rẹ̀ láti padà wá jẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣúná ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ ta ló máa di okùn àpò mú náà ti dá wàhálà sílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ní kí owó ẹ̀ka ìdájọ́ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn olórí kóòtù, àtúnṣe ọdún 2018 sì tún un sọ. Ààrẹ Buhari pa àṣẹ lé e lórí ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù wọ́gi lé àṣẹ náà ní 2022. Láàárín méjèèjì, ní oṣù kẹrin 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù gbogbo orílẹ̀-èdè ti kóòtù pa fún bí oṣù méjì. Ẹni tó yẹ kó gba béèlì lọ́sẹ̀ yẹn jókòó síbi tó wà.

Ohun tó lè yí ìṣirò yìí padà dé ní oṣù kẹta 2023, nígbà tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kúrò lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣe òfin lé lórí. Ìpínlẹ̀ náà ti lè kọ́ tirẹ̀ báyìí. Èkìtì mọ ohun tí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ààbò rẹ̀ mẹ́hẹ lè fà: ní 30 oṣù kọkànlá 2014, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Adó, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n sì sá lọ. Bí ìpínlẹ̀ bá kọ́ tirẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ Ìkọ̀lé bá lò níbẹ̀ láìgbẹ́jọ́ á wá ní iye lórí ìwé owó ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn, òfin ọdún 2019 lórí iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ti fàyè sílẹ̀ fún ìjìyà tí kò gba ká tini mọ́lé: kí ẹni tó jí adìyẹ lọ gbálẹ̀ ọjà fún oṣù mélòó kan, lábẹ́ ojú òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ni yẹn kéré sí owó odi.

Ìpínlẹ̀ máa ń gbé ìṣúná rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìròyìn bí wọ́n ṣe ń ná an ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ àti ti ẹ̀ka ìdájọ́ nínú rẹ̀. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí iye tí wọ́n fọwọ́ sí, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye tó jáde.