Ọbẹ̀ Ni Kí Ẹ Fi Iyọ̀ Sí

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ti Àbújá wá ra aṣọ ní kòtò aró Kofar Mata ní Kánò, ẹ yé rẹ aṣọ aró sínú omi iyọ̀ pé kí aró má baà ṣí. Gbogbo ìgbà ni àwọn oníbàárà ń gbé e padà wá fún àwa aláró: iyọ̀ ti gbẹ sára rẹ̀ gbátagbàta, aró ṣì ń ṣí, wọ́n á ní aláìmọ́ kan ló kọjá lẹ́bàá kòtò. Aláìmọ́ wo? Bí eérú bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, aró á kú, ì báà jẹ́ wòlíì ló dúró tì í.

Ẹ̀lú, eérú àti kán-ún ló wà nínú kòtò. Bí aró bá ti kan dáadáa, aṣọ tí a bá fà jáde á kọ́kọ́ rí bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró, lójú yín báyìí. Ó gbọ́dọ̀ yí padà tán ká tó tún rì í. Ẹ rì í, ẹ fà á jáde, ẹ jẹ́ kó fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ tún rì í: bẹ́ẹ̀ ni àyìnrín ṣe ń di dúdú, ó sì lè gba wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó kánjú á jù ú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á bá tirẹ̀ lọ. Ìta òwú ni aró irú èyí lẹ̀ mọ́, iyọ̀ kò sì lè tì í wọlé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nù ún wò, bóyá aró á ṣí. Omi tútù lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sí ibòji. Èyí tí wọ́n fi òòlù igi lù tó ń dán, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ̀lú lílọ̀ ló ń dán yẹn.

Àwọn tí aṣọ wọn ti ṣí wá ń tún un pa láró nílé, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan lórí WhatsApp. Olùkọ́ ní kí wọ́n da kọ́sítíìkì sódà sínú abọ́ alumíníọ̀mù! Á jẹ abọ́ náà, á máa hó, á máa tú gáàsì tí iná lè gbá mú. Ike líle ni kí ẹ lò. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ wá máa fi sódà sí i díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ẹ bá da omi lé sódà lórí, á ta padà. Bó bá ta sí ẹnìkan lójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa sí i.