Owó ìrànwọ́ orí epo: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tó ń gbà jò

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù nìkan loore tí mẹ̀kúnnù rí jẹ lọ́wọ́ ìjọba Nàìjíríà, ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní ìkà ni. Àmọ́ téèyàn bá tọ ipasẹ̀ owó yẹn látibi tó ti jáde, ilé mẹ̀kúnnù kọ́ ló já sí.

Nígbà tí ìrànwọ́ yẹn wà, ìjọba á kọ́kọ́ pàṣẹ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta líta kan. Lọ́dún 2011, 65 náírà ni. Oníṣòwò tó ń kó epo wọlé á fi dọ́là rà á, á sanwó ọkọ̀ ojú omi, á sanwó dípò tí wọ́n ń tọ́jú epo sí, onítáńkà náà ò ní gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, ilé epo náà gbọ́dọ̀ jèrè díẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì yọ ìrànwọ́ yẹn ní January 1, 2012, 141 náírà ló bọ́ sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, ìjọba ló ń san án. Aráàlú ń rí 65 lójú pọ́ńpù, ìyókù ò hàn sí wọn, àmọ́ àpò gbogbo wa ló ti ń jáde. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2023 nìkan, tírílíọ̀nù 3.36 náírà ni wọ́n kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún un.

Ta ló wá ń gbà á? Ẹni tó bá ra epo púpọ̀ ló ń gba púpọ̀. Ọ̀gá tó ní jíìpù mẹ́ta gba tiẹ̀ nígbà mẹ́ta, ìyá tó ń wọ dánfó lọ Mile 12 gba ìwọ̀nba tó wà nínú owó ọkọ̀ ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwọ̀nba yẹn wúlò fún un o, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ẹ̀, àmọ́ ọ̀gá yẹn ló jẹ lájẹyó.

Ibi fàyàwọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an. Tí líta kan bá wọ́n lápá Kutọnu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí owó ẹ̀ sì kéré ní Ìdìrókò lọ́dọ̀ wa, epo á rìn. Bó ti rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kẹ́ẹ̀gì lórí ọ̀kadà, kẹ́ẹ̀gì nínú ọkọ̀ ojú omi, epo Nàìjíríà á dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), wọ́n á dà á sínú ìgò, wọ́n á tò ó sẹ́bàá títì, kpayo ni wọ́n ń pè é. Ìjọba Nàìjíríà ti bọ́dà ní August 2019, ní November ọdún yẹn wọ́n tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé epo lọ sí ilé epo tí ò tó kìlómítà 20 sí bọ́dà, tí àwọn tó ń gbé lágbègbè yẹn sì ń jìyà ohun tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀, síbẹ̀ kpayo ò tán lójú títì. Kò lè tán. Ìyàtọ̀ iye yẹn lowó iṣẹ́ onífàyàwọ́, bí aṣọ́bodè bá sì ti pọ̀ sí i ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀ á pọ̀ sí i. Ní May 29, 2023 Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ ti lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ kpayo ti wọ́n gógó ní Bẹ̀nẹ̀, láìsí ṣọ́jà kankan tó yìnbọn.

Ibòmíràn tó tún ń jò ni ìwé. Tí ìjọba bá ń sanwó lórí líta kọ̀ọ̀kan, èèyàn á kọ líta tí kò sí. Ìwádìí ilé aṣòfin lọ́dún 2012 rí àwọn tó gbowó epo tí wọn ò kó wọlé. Àjọ tó ń ṣàmójútó epo náà ní mílíọ̀nù líta 66.9 là ń lò lójúmọ́ kí wọ́n tó yọ ìrànwọ́ ní May 2023, ní June 2023 ó di 48.43. Àwọn kan dín ìrìn wọn kù lóòótọ́, nǹkan le, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin mọ́tò Nàìjíríà ló dúró láàárín oṣù kan.

Àwọn tó ṣèwọ́de ní Ojota l'Ékòó ní January 2012 torí ìrànwọ́ tí wọ́n yọ bínú tọ́, torí olè pọ̀. Wọ́n ní bí ìjọba bá rí owó yẹn gbà padà wọ́n á tún jí i, ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ ohun tí wọ́n jà fún títí tí ìjọba fi sọ ọ́ di 97 náírà ni àlàfo tí àwọn olè yẹn ń jẹun níbẹ̀.

Àlàfo náà tún lè padà wá láìsí ìkéde. Ní July 2023 epo dé nǹkan bíi 617 náírà, wọ́n sì jẹ́ kó dúró síbẹ̀ nígbà tí náírà ń já wálẹ̀ sí dọ́là. Gbèsè wá ń gorí gbèsè lọ́rùn NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, àwọn tó ń kó epo wá fún wọn ń retí owó, ìlà gùn nílé epo, àwọn oníkẹ́ẹ̀gì padà sójú títì. September 2024 ni wọ́n gbé e sí 855, nígbà tó fi máa di October ó ti di 998 l'Ékòó.