Owó Kò Ra Ojú Ọjọ́: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn Afẹ́ Sí Àwọn Òkè Yìnyín Alaska

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà kọ́kọ́ máa ń bi wá nípa Alaska, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní ìkángun àríwá, ní ọ́fíìsì wa ní Surulere ni pé, "Ṣé ibi tí a máa sùn dáa?" Ó dáa. Láàárín òkè tí ọ̀nà mọ́tò kò dé, ẹ ó bá bẹ́ẹ̀dì rírọ̀, omi gbígbóná àti alásè tí òtẹ́ẹ̀lì ńlá èyíkéyìí ní Victoria Island máa fẹ́ gbà síṣẹ́. Ilé kan tiẹ̀ wà tí wọ́n kọ́ sórí àpáta tó yọrí láàárín odò yìnyín Ruth (yìnyín ńlá tó ń rọra rìn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè), nítòsí òkè Denali, yàrá márùn-ún péré ló ní. Ọ̀rọ̀ ilé kò dùn mí rárá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè ni pé: ọjọ́ mélòó la fi sílẹ̀ lófìfo?

Òkè Denali ga tó mítà 6,190. Òun ló ga jù ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà, ìkùukùu sì máa ń bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń sọ níbẹ̀ pé nínú àlejò mẹ́ta, ẹyọ kan ló ń rí i. Bàálù kékeré tó ń gbéra ní ìlú Talkeetna ní pátákó pẹlẹbẹ gígùn lẹ́sẹ̀, kó lè balẹ̀ lórí yìnyín. Ojú ni awakọ̀ rẹ̀ fi ń wá ibi tó máa balẹ̀. Bí ìkùukùu bá ti bo ibẹ̀, kò ní lọ. Bí ẹ bá sì ti wà lókè kí ìkùukùu tó dé, kò ní wá gbé yín. Ní Èkó, ara wa ti mọ́ ọn pé kò sí ohun tó le tí a ò ní rí ẹni pè sí i. Kò sí ẹni tí ẹ máa pè síbẹ̀ yẹn. Ẹ lè ní nọ́ńbà gómìnà méjì lórí fóònù, ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, inú ilé lẹ ó wà, ẹ ó máa mu tíì.

Nítorí náà, bí mo bá jókòó láti ṣètò fún èèyàn, ọjọ́ òfìfo ni mo kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sun oru mẹ́ta lórí yìnyín, ẹ fi ọjọ́ méjì tí kò ní iṣẹ́ kankan tẹ̀ lé e kí bàálù tó ń gbé yín bọ̀ wálé tó gbéra. Àwọn èèyàn máa ń bínú sí mi lórí èyí. "Ṣé kí n máa sanwó òtẹ́ẹ̀lì ní Anchorage, kí n kàn jókòó ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Àyè láti dúró lẹ fi owó ńlá yẹn rà. Ẹ sì rántí pé ní ìgbà ooru wọn, wákàtí mẹ́sàn-án ni Èkó fi ṣíwájú Alaska. Ìpàdé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè ní Marina, ọ̀gànjọ́ òru Sọ́ńdè ni lọ́hùn-ún. Ẹ sún ìpàdé náà sí ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti físà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà tuntun tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún oṣù mẹ́ta. Òfin náà ṣì ń yí, ẹni tí físà kò bá tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ san owó àsansílẹ̀ kankan tí wọn ò ní dá padà. Ohun kan tún wà tí kì í tètè hàn sí èèyàn: ọ̀pọ̀ ètò Alaska ló ń gba Kánádà kọjá, yálà ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéra ní Vancouver tàbí mọ́tò tó ń wọ Yukon. Kánádà fẹ́ físà tirẹ̀. Ẹni tí Amẹ́ríkà sì fún ní ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ bi agbẹjọ́rò físà léèrè dáadáa kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan kọjá ààlà.

Àsìkò ibẹ̀ kò gùn, láti àárín oṣù Karùn-ún sí àárín oṣù Kẹsàn-án ni, ìdí sì nìyí tí àwọn ilé tó dáa fi máa ń kún ní ọdún kan ṣáájú. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn ń wà lójú ọ̀run Anchorage fún nǹkan bíi wákàtí mọ́kàndínlógún, kì í wọ̀ títí ó fi kọjá aago mọ́kànlá alẹ́, ilẹ̀ kì í sì í ṣú tán. Ẹ mú ohun tí ẹ ó fi bo ojú sùn. Ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ bá ááfà yín sọ̀rọ̀ nípa àkókò Ìṣáì kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ibẹ̀ kọ́ ni ẹ ó ti máa jiyàn rẹ̀. Ẹ̀fọn tún pọ̀ níbẹ̀ lóṣù Kẹfà àti Keje ju bí ẹ ṣe rò lọ, àmọ́ kì í fúnni ní ibà.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ràn jù, torí Èkó ni ojútùú rẹ̀ wà. Ẹ kúrò nídìí tí-ṣáàtì àti jíìnsì: òwú máa ń fa òógùn mọ́ra, kì í tètè gbẹ, òtútù á sì gba ibẹ̀ wọ ara. Èyí tó kan ara gbọ́dọ̀ jẹ́ irun àgùntàn tàbí aṣọ tó ń tètè gbẹ. Èyí tó nípọn tí ń mú ooru dání ló tẹ̀ lé e. Lókè pátápátá, ẹ wọ èyí tí atẹ́gùn àti omi kò lè gbà kọjá. Ọjà Katangua, lọ́nà Abúlé Ẹ̀gbá, kún fún jákẹ́ẹ̀tì òtútù tó dáa nínú òkìríkà, torí ẹnikẹ́ni kò rí i wọ̀ níbí. Olówó tí ojú ń tì láti lọ lè rán dẹ́rẹ́bà.

Ṣùgbọ́n bàtà, rárá. Bàtà òkè tó ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin, fóòmù tó wà láàárín àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń bàjẹ́ láti inú, bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ wọ̀ ọ́ rí. Ẹ ó rí i pé òkè rẹ̀ ń dán. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹ̀ náà: bí ó bá ń rún bíi kúlíkúlí, ó máa ṣí kúrò lẹ́sẹ̀ yín ní ọjọ́ kejì, níbi tí kò sí ṣọ́bàtà. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì máa wọ̀ ọ́ rìn lórí afárá Lekki sí Ìkòyí fún oṣù méjì. Afárá yẹn tẹ́jú, nítorí náà ẹ fi gígun àtẹ̀gùn ilé gíga kún un, kí ẹ gbé báàgì tí omi wà nínú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Tí orúnkún bá yarí, kí ẹ mọ̀ ọ́n níbí.

A máa ń sọ pé dúdú ni wá, oòrùn kò lè jó wa. Òjò dídì tuntun lè ta ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn tó ń jó ara padà sókè. Abẹ́ àgbọ̀n ló ń jó, inú ihò imú pàápàá. Ẹ fi ìpara oòrùn síbẹ̀. Awò dúdú kì í ṣe ti fáàrí níbẹ̀, ojú tí kò bá wọ̀ ọ́ lè fọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Odò yìnyín ń rìn. Òjò dídì á máa rọ̀ lé ara wọn lọ́dọọdún títí yóò fi di yìnyín líle, ìwúwo rẹ̀ á sì máa tì í sọ̀kalẹ̀. Ibi tó bá ti gun orí àpáta, á là, á di ihò jíjìn. Òjò dídì tuntun á tún wá bo ẹnu ihò náà, gbogbo rẹ̀ á funfun, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí amọ̀nà fi ń so yín mọ́ okùn kan náà, tó sì ń fi ọ̀pá gún iwájú kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n tú òun díẹ̀ kí òun ya fọ́tò, ẹ má ṣe bá a lọ. Àwọ̀ búlúù tí ẹ ó rí nínú ihò náà kì í ṣe iṣẹ́ fóònù o: yìnyín tó ti fún pọ̀ máa ń gbé àwọ̀ pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, búlúù ló ń kù. Dúróònù ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ nílé, wọ́n ti fòfin dè é nínú gbogbo ọgbà àdáyébá tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń tọ́jú láti 2014.

Fún màmá àgbà tí kò lè rìn, ẹ gba ọ̀nà Seward lọ, nǹkan bíi kìlómítà igba láti Anchorage. Ọkọ̀ ojú omi ibẹ̀ á gbé e dé ibi tí yìnyín ti ń já sínú òkun. Ọkọ̀ náà á dúró lókèèrè, torí ìgbì tí yìnyín tó já ń dá sílẹ̀ lágbára.

Kí ẹ tó wọ bàálù kékeré, wọn á bi yín bí ẹ ṣe wúwo tó, wọ́n sì lè gbé yín sórí ìwọ̀n. Àǹtí, ẹ má dín in kù. Iye yẹn ni awakọ̀ fi ń ṣírò epo. Báàgì rírọ̀ ni kí ẹ gbé, àpótí onítáyà kò wọ ibẹ̀.

Ata gígún yín lè bá yín lọ, ṣùgbọ́n kílíṣí kò lè wọ Amẹ́ríkà. Kò sì sí oúnjẹ kankan tó gbọ́dọ̀ sùn sínú àgọ́ pẹ̀lú yín, torí béárì ń gbóòórùn láti ọ̀nà jíjìn. Nínú ọgbà àdáyébá Denali, òfin ní kí ẹ fi nǹkan bíi mítà 275 jìnnà sí i. Bí ó bá ti rí yín, ẹ má sáré.

Ti inṣọ́ránsì ló kù. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń rà fún físà kì í sábà bo rírìn lórí yìnyín pẹ̀lú okùn, tàbí hẹlikọ́pítà tó bá wá gbé aláìsàn. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní san sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ilé orí òkè náà: bí bàálù kò bá lè wá, ta ni yóò san owó oru tó lé? Bí ìdáhùn wọn kò bá tíì wà nínú ìwé, ẹ má tíì fi dọ́là kankan ránṣẹ́.