Ohun tí nọ́ńbà bêta-HCG ń sọ, àti ohun tí kò lè sọ

Ìwé èsì tí làbó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń fi léni lọ́wọ́ kì í sábà ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ wà lókè, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìlà kan ṣoṣo tí ojú ń wá kiri: «Bêta-HCG», ìyẹn họ́mónù oyún, nọ́ńbà kan, àti «mUI/ml» tó jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà mìíràn, tábìlì kékeré kan á wà nísàlẹ̀ tó to ọ̀sẹ̀ oyún lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ibi tábìlì yẹn gan-an ni àìsùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin á wo nọ́ńbà tirẹ̀, á wò ó mọ́ ti tábìlì, á rí i pé tirẹ̀ kéré, ọkàn rẹ̀ á sì ti pa oyún náà kí dókítà tó la ẹnu.

Olóbi, ìyẹn ibi ọmọ, ni HCG ti ń wá, àní láti ìgbà tí olóbi kò tíì ju ìwọ̀nba nǹkan tí ojú kò lè rí. Lẹ́yìn tí ẹyin bá ti gba àtọ̀, ó máa ń rìn fún nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 12 kó tó lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ. Kó tó lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí HCG tí àyẹ̀wò lè rí. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn tán, HCG á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, á sì gba ibẹ̀ lọ jíṣẹ́ fún ojú ibi tí ẹyin ti jáde: kó má dákẹ́, kó máa ṣe họ́mónù progestérone lọ, kí ilé ọmọ má bàa ká ibùsùn tó ti tẹ́ sílẹ̀ dè é. Bí wọ́n bá ká ibùsùn yẹn, nǹkan oṣù nìyẹn.

Ìlàjì méjì ló para pọ̀ di HCG. Ìlàjì àlífà wà lára àwọn họ́mónù mìíràn pẹ̀lú, títí kan èyí tó ń darí tàírọ́ìdì tó wà lọ́rùn. Bí a bá wo àlífà nìkan, a kò lè mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ìlàjì bêta ni ilà ojú rẹ̀, òun ló yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, òun náà ni àyẹ̀wò sì ń wá. Ọdún 1972 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá bêta nìkan mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, eku ló ń jìyà rẹ̀: láti nǹkan bí 1927 ni Aschheim àti Zondek ní Jámánì ti ń fún ọmọ eku ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ obìnrin, wọn a sì la inú eku náà wò kí wọ́n tó lè sọ bóyá obìnrin ti fẹ́ra kù.

Lóde òní, kò sí ẹran tó ń kú. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ (kò pọn dandan kéèyàn gbààwẹ̀ wá), wọ́n á jẹ́ kó dì, ẹ̀rọ á fi í yí bírípé-bírípé títí omi rẹ̀ tó dà bí òróró fífúyẹ́ á fi dá wà lókè. Inú omi yìí ni wọ́n á da èròjà méjì sí. Ọ̀kan á di HCG mú, èkejì á gùn ún lẹ́yìn pẹ̀lú àmì tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Bí HCG bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ á ṣe pọ̀ tó, ẹ̀rọ á sì yí i padà sí nọ́ńbà. Èròjà ẹ̀rọ kan kò bá ti èkejì mu délẹ̀délẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kan náà fi lè gba nọ́ńbà tó yàtọ̀ ní làbó méjì.

Bí nọ́ńbà kò bá tó 5, kò sí oyún, tàbí ọjọ́ kò tíì pé. Bó bá ju 25 lọ, oyún wà. Àárín méjèèjì, ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni tábìlì ọ̀sẹ̀ dé. Ní 4 SA (SA ni bí ìwé Faransé ṣe ń ké ọ̀sẹ̀ oyún kúrú), láti 5 dé 426 ni wọ́n sábà ń kọ. Ní 5 SA, láti 18 dé 7 340. Ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ tó báyìí, ta ni kò ní gba ibẹ̀ kọjá? HCG máa ń ga jù lọ láàárín 8 sí 11 SA, lẹ́yìn náà á máa lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́.

SA yìí fúnra rẹ̀ ń tan èèyàn jẹ. Kì í ṣe ọjọ́ tí tọkọtaya pàdé ló ti ń bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tó gbẹ̀yìn, torí náà oyún tí ìwé pè ní 5 SA kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nínú. Ẹni tí oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé, tàbí tó ń fi ọjọ́ ọjà Kétu rántí ìgbà tó rí i kẹ́yìn, lè fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnà lórí tábìlì náà.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nọ́ńbà kan ṣoṣo sì ni ẹnìkan yẹn. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ni èkejì, tí wọ́n fà lẹ́yìn wákàtí 48 ní làbó kan náà. Ká ní 180 ni ti ọjọ́ Ajé. Bí ti Ọjọ́rú bá jẹ́ 342, ó ń lọ dáadáa. Àwọn tó gbọ́ pé ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù nítorí pé 342 kò tó 360, ṣùgbọ́n àwọn agbẹ̀bí àti dókítà kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò bá tó 1 500, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ni àfikún tó kéré jù tí wọ́n ń retí: 180 á di nǹkan bí 268. Láàárín 1 500 sí 3 000, ìdá 40 ni. Lókè ibẹ̀, ìdá 33. Bí 180 bá di 205, ó yẹ kí wọ́n wádìí. Bó bá di 90, oyún náà ń lọ.

Èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù jù nínú àwọn tó ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ ni oyún tó dúró sí ìta ilé ọmọ, lójú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wá. Nígbà mìíràn nọ́ńbà rẹ̀ tiẹ̀ máa ń gòkè dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi écho, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú, tì í lẹ́yìn. Bí nọ́ńbà bá ti kọjá 1 500 sí 2 000, écho tí wọ́n ṣe láti abẹ́ sábà máa ń rí àpò oyún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà tó ń ṣọ́ra lè dúró dé 3 500 kó tó ní ilé ọmọ ṣófo. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, tí òòyì ń kọ́ tàbí tí èjìká ń ro lójijì kò gbọ́dọ̀ dúró de nọ́ńbà kankan. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ńbà tó ga jù náà ní tirẹ̀. Bó bá ju 100 000 lọ nígbà tí oyún ṣì kéré, wọ́n á wo écho bóyá olóbi ló ń hù bí èso láìsí ọmọ. Ìbejì lè gbé e ga pẹ̀lú, àmọ́ HCG kì í ka orí: kò sí nọ́ńbà tó lè sọ pé Táyé àti Kẹ́hìndé ń bọ̀.

Kómà kékeré kan tún wà tó lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ará Kétu tó bá ré bodè kọjá lọ ṣe àyẹ̀wò lápá Ìmẹ̀kọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, bíi ti Faransé, kómà ló ń ya odindi nọ́ńbà kúrò lára ìdá rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ̀rún ló ń yà sọ́tọ̀. «1,250» tí wọ́n kọ níbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀fà ó lé àádọ́ta, oyún wà. Ojú tí ìwé Faransé ti mọ́ lára lè kà á sí ẹyọ kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn ni pé kò sí oyún rárá. Ní ti «mUI» àti «mIU», lẹ́tà ló ṣípò, ìwọ̀n kan náà ni. «UI/L» náà kò yí nọ́ńbà padà.

Àwọn nǹkan kan sì wà tó ń purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ HCG tí wọ́n ń fún àwọn tó ń wá ọmọ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún bí ọjọ́ 10 sí 14, kó dà bí oyún. Bíótín tó wà nínú oògùn irun àti èékánná lè fa nọ́ńbà sílẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ kan. Lẹ́yìn ìbímọ tàbí tí oyún bá wálẹ̀, HCG máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tán. Ẹni tó bá ki ọ̀pá àyẹ̀wò bọ ìtọ̀ láàárín ìgbà yẹn lè rí ìlà méjì, kó sì jẹ́ oyún àná ló ṣì ń sọ̀rọ̀.