Bí ìrísí purotéènì ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń rí lọ́fẹ̀ẹ́

Kí wọ́n tó so yìgì ní Ìlọrin lóde òní, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ẹbí: ṣé AA ni ọmọ yín, àbí AS? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán náà kì í dá ọjọ́ ìgbéyàwó láì rí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí fòníkú-fọ̀la-dìde ń fojú ọmọ rí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé ẹni tó ní fóònù àti dátà lè jókòó sí Tanke kó sì wo purotéènì tí àìsàn yìí ti ń wá, láì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ni ín. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ló jà fún un.

Purotéènì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ara. Ara ń tò ó bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀: ásíìdì àmínò ni hóró kọ̀ọ̀kan, oríṣi 20 sì ni ara ń lò. Okùn náà kì í nà gbọọrọ. Ńṣe ló ń ká lu ara rẹ̀ títí á fi ní ìrísí tirẹ̀, ìrísí yẹn ló sì ń sọ iṣẹ́ tí á lè ṣe. Hẹmoglóbíìnì, tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ní okùn 4: méjì ní hóró 141, méjì ní 146. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé hẹmoglóbíìnì ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, yàtọ̀ sí ti AA. Vernon Ingram ní Cambridge ló wá tọ́ka sí ibi tó ti yàtọ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1950: hóró kẹfà lára okùn oníhóró 146 ló yí padà. Valine jókòó síbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Hóró kan péré!

Láti rí ìrísí rẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá. Wọ́n á sọ purotéènì di kírísítálì, wọ́n á yin iná X-ray sí i, wọ́n á wá fi ìṣirò wá ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Max Perutz lo ohun tó lé ní 20 ọdún lórí hẹmoglóbíìnì nìkan. John Kendrew rí ti myoglobin, purotéènì inú iṣan, tó mú jáde lára ẹran àbùùbùtán, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962.

Kí ló wá kù lọ́wọ́ ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Nọ́ńbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó bá fẹ́ wọn á kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni wọ́n, á sì máa retí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1971, níbi ìpàdé kan ní Cold Spring Harbor ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dá ibi ìkójọ kan sílẹ̀ fún àwọn nọ́ńbà yìí wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ bíi Helen Berman àti Edgar Meyer. Walter Hamilton ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Brookhaven, New York, ní òun á gba ibi ìkójọ náà sọ́dọ̀. Olga Kennard ní Cambridge dara pọ̀ mọ́ ọn, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá wọ́n kéde Protein Data Bank nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì. Ìrísí 7 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọdún 4 kí wọ́n tó dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Hamilton ò pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní 1973, Tom Koetzle sì gba iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣí fáìlì kan wò, èyí tí wọ́n pè ní 4HHB, hẹmoglóbíìnì ènìyàn tí kò gbé ọ́síjìn. Ọ̀rọ̀ náà ATOM ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìlà rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà átọ́ọ̀mù, orúkọ ásíìdì àmínò, lẹ́tà okùn tó wà, A títí dé D, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó ń sọ ibi tó dúró sí. Níwájú, ẹ ó rí FE, irin, lẹ́ẹ̀mẹrin, torí irin ni ọ́síjìn ń dì mú. Ìlà kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà 80, nítorí àyè 80 ló wà lórí káàdì tí wọ́n ń dá lu fún kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn. Káàdì ti lọ, ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà. Fáìlì 2HBS ni ti SS: ẹ ó rí i bí valine yẹn ṣe há sínú kòtò kékeré lára hẹmoglóbíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ń so mọ́ra wọn.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ rèé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan á gbé ìwádìí wọn jáde, wọ́n á gba ìyìn, wọ́n á sì há nọ́ńbà mọ́wọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn á kórè ohun tí wọ́n gbìn. Mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó fi ọdún gbáko ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó ìlú ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, àìsàn ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ lẹ́tà, wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n takú. Ní 1989, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ kírísítálì fi ìlànà lélẹ̀ pé kí wọ́n máa kó o síbi ìkójọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì gbà kí èèyàn dá a dúró fún ọdún kan. Nígbà tó di 1998, Nature àti Science, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ńlá méjì, kọ̀ jálẹ̀: ọjọ́ tí àpilẹ̀kọ bá jáde ni nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jáde.

Láàárín ìgbà náà, íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ipò téèpù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nípọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ náà kúrò ní Brookhaven, ó bọ́ sọ́wọ́ àjọṣe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan, tí Helen Berman darí, nígbà tó sì di 2003, Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Jàpáánì pa ọwọ́ pọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kọjá 200,000 ní 2023. Ara rẹ̀ ni AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tí Google DeepMind ṣe láti máa sọ ìrísí purotéènì tẹ́lẹ̀, ti kọ́ bí okùn ṣe ń ká. Láti 2022 ni ìrísí tó lé ní mílíọ̀nù 200 tí AlphaFold sọ tẹ́lẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́ náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyókẹ́místírì wa ń jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n á mú èròjà inú ewúro tàbí dóńgóyárò, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà dán an wò bóyá á wọnú purotéènì kòkòrò ibà. Èsì orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe oògùn, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ máa tẹnu mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tan X-ray tó mọ́lẹ̀ jù fún irú iṣẹ́ yìí, kò sí ìkankan ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ wa ti ń béèrè pé kí wọ́n kọ́ ọ̀kan. Kíkó ìrísí tuntun síbi ìkójọ náà kò gba owó, gẹ́gẹ́ bí gbígba èyí tó wà níbẹ̀ kò ṣe gba owó. Ẹ̀rọ àti owó ìwádìí ló kù.